Èsì méjì lórí kókó ọpọlọ kan: èwo ni kí a gbà?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 26, ni mo bá wá. Orí fọ́ ọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, a sì ń tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, wọ́n fún un ní awò ojú. Ìgbà tó dákú níbi iṣẹ́ ni wọ́n tó ya àwòrán orí rẹ̀, tí wọ́n sì rí kókó kan láàárín ọpọlọ àti omi tó kún inú orí. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ èyí tó pọ̀ jù nínú kókó náà, wọ́n sì fi rọ́bà sí i tó ń gbé omi náà wá sí ikùn. Èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé sọ pé oligodendroglioma ni. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi àwòrán àti èsì náà han dókítà kan níbẹ̀, ìyẹn ní ó jọ central neurocytoma lójú òun. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìtànṣán (radiotherapy) fún un lóṣù tó ń bọ̀. Èwo ni kí a gbà? Ṣé jẹjẹrẹ ni? Àwọn kan ní fóònù ló fà á, màmá wa sì gbà pé ọwọ́ ayé ni. Oṣù Kejìlá ló yẹ kó gbéyàwó.”

Ẹ kú àìsinmi, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ìbéèrè yín pọ̀, ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni gbogbo wọn so mọ́: orúkọ tí kókó náà ń jẹ́ gan-an. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n, a ó mọ̀ bóyá ìtànṣán yẹ nísinsìnyí tàbí kò yẹ, a ó mọ ohun tí ẹ lè máa retí, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó pàápàá yóò sì rọrùn láti dáhùn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi èyí tó jẹ́ kánjúkánjú ṣíwájú: ẹ bẹ àwọn dókítà rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe sùúrù pẹ̀lú ìtànṣán títí ọ̀rọ̀ èsì méjèèjì yóò fi yanjú. Nínú àlàyé tí ẹ ṣe, n kò rí ìdí tí sùúrù ọ̀sẹ̀ mélòó kan fi lè pa á lára, bí rọ́bà náà bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, ṣùgbọ́n ìtànṣán tí a bá ti fún ọpọlọ kò ṣeé gbà padà. N kò rí àwòrán orí rẹ̀, n kò sì fi ojú ara mi wo ẹran tí wọ́n gé, nítorí náà n kò lè jókòó síbí kí n dá ẹjọ́ láàárín dókítà méjì. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n ṣàlàyé bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe lè pe kókó kan ṣoṣo ní orúkọ méjì, kí n sọ èyí tí ọ̀rọ̀ àbúrò yín jọ jù, kí n sì tọ́ka sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ yẹn kúrò nílẹ̀, nítorí ó hàn nínú ìwé yín pé ẹ ń dá ara yín lẹ́bi. Àwọn yàrá mẹ́rin kan wà nínú ọpọlọ tí omi kún inú wọn: méjì ńlá lápá ọ̀tún àti apá òsì, ẹ̀kẹta láàárín, ẹ̀kẹrin nísàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Omi yìí tí orí àgbàlagbà ń pèsè tó nǹkan bí ìdajì lítà lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń wà nínú orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi 150 mílílítà lọ. Ara ń pèsè rẹ̀, ara sì ń fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, láìdúró. Ihò tóóró kan ni omi yàrá ńlá kọ̀ọ̀kan ń gbà bọ́ sí yàrá kẹta, orúkọ Monro ni wọ́n sì fi ń pe ihò náà. Kókó tó bá hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lè dí ọ̀nà omi láìtíì fọwọ́ kan ibi tó ń darí ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè máa rìn, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa ṣeré, nígbà tí nǹkan tó tóbi tó ọsàn wẹ́wẹ́ wà láàárín orí rẹ̀. Bí kókó náà ṣe ń rọra dàgbà ni omi ń rọra pọ̀, ọpọlọ ọ̀dọ́ sì ń fara dà á, títí ọjọ́ kan tí kò ní sí àyè mọ́. Àkókò yẹn ni àbúrò yín dákú. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí kò ju ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orí ń fọ́ lọ.

Ní ilẹ̀ wa, bí orí ọ̀dọ́ bá ń fọ́, ibà ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń pè é, kò sì burú, nítorí ibà náà ló sábà máa ń jẹ́. Táífọ́ọ̀dù ni èmi bá ní ẹjọ́. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lágbára tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ní ibi tí kòkòrò táífọ́ọ̀dù àti àwọn tó jọ ọ́ bá pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń rìn kiri láìní àìsàn kankan ni ìwé Widal yóò sọ pé wọ́n ní in, nítorí ohun tí àyẹ̀wò náà ń wò ni ìrántí tí ẹ̀jẹ̀ ní nípa kòkòrò náà, kì í ṣe kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Mo ti rí aláìsàn tó lo oògùn táífọ́ọ̀dù léraléra lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí ara rẹ̀ kò gbóná lọ́jọ́ kan, tí kò sì sí ẹni tó wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yìn ẹyinjú yẹn sì ni ó yẹ kí a wò. Orí fífọ́ tí omi ń fà ní ìwà tirẹ̀. Ó sábà máa ń le ní ìdájí nígbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tàbí tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ó sì lè dẹwọ́ nígbà tó bá ti dìde tó rìn díẹ̀. Ikọ́, sísín, bíbẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, tàbí títi ìgbẹ́ á mú un le sí i. Èébì lè wá láìsí inú rírun, orí á sì fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú lè ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan bí ènìyàn bá dìde lójijì. Ìrántí lè máa dín kù, iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á máa ni ín lára, àwọn ará ilé á sì rò pé ọ̀lẹ tàbí ìrònú ni. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń pé sára ẹnì kan, n kò sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí túúlu ń dà láàmú tí ó ka èyí sáré lọ ya àwòrán orí. Ṣùgbọ́n orí fífọ́ tuntun tó ń le sí i láti oṣù dé oṣù, pẹ̀lú ojú tó ń ṣe bàìbàì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ awò ojú mọ́. Nígbà tí omi bá ti ọpọlọ láti inú, ibi tí iṣan ìríran ti wọ ẹ̀yìn ẹyinjú a máa wú, dókítà tó bá ní iná kékeré tí a fi ń wo inú ojú lè rí wíwú náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìná owó gọbọi. Awò ojú ń tún iwájú ẹyinjú ṣe, kò ràn ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Bí wíwú yẹn bá pẹ́, iṣan náà lè kú díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà ojú yẹ àbúrò yín wò báyìí, kí wọ́n sì wọn bí ojú rẹ̀ ṣe ń ríran lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kódà bó bá ní òun ti ń ríran dáadáa. Ìkìlọ̀ kan wà tí mo máa ń fi kún un fún àwọn dókítà kéékèèké: ẹ má ṣe fa omi ẹ̀yìn ẹni tó ní irú àmì wọ̀nyí láì kọ́kọ́ ya àwòrán orí rẹ̀, nítorí bí ọ̀nà omi bá ti dí lókè, fífa omi nísàlẹ̀ lè fa ọpọlọ wálẹ̀ sínú ihò tó wà nísàlẹ̀ agbárí, ẹ̀mí sì lè bá a lọ.

Ó wá ku orúkọ. Kí a tó fi ojú kan máíkírósíkóòpù rárá, ohun méjì ló ti ń sọ̀rọ̀: ọjọ́ orí rẹ̀ àti ibi tí kókó náà wà. Central neurocytoma ṣọ̀wọ́n gan-an. Nínú gbogbo kókó tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọpọlọ, kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ àwọn ọmọdé àti àgbà kúrò, tí ẹ mú àwọn ọ̀dọ́ ẹni ogún ọdún sí ogójì nìkan, tí ẹ sì wo àwọn tí kókó wọn wà nínú yàrá omi ńlá nítòsí ihò Monro, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tó bá mọṣẹ́. Ó sábà máa ń so mọ́ awọ fẹ́lẹ́ tó pààlà sáàárín yàrá ọ̀tún àti ti òsì, ọkùnrin àti obìnrin ló sì ń mú. Oligodendroglioma kì í sábà gbé ibẹ̀. Inú ẹran ọpọlọ lókè ló ń gbé, pàápàá lápá iwájú orí, wárápá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lágbà ló sì sábà máa ń fi kéde ara rẹ̀, kì í ṣe omi. Ẹ kò mẹ́nu kan wárápá nínú ìwé yín. Àwọn mìíràn tún wà tó ń hù nínú yàrá omi. Ọ̀kan ń bá àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba tó ní àìsàn àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní tuberous sclerosis, irú wọn sì sábà máa ń ní wárápá láti kékeré àti àmì lára awọ. Ependymoma wà, subependymoma wà tó fẹ́ràn àwọn tó ti dàgbà jù ú lọ, meningioma náà lè wọ ibẹ̀, ní ilẹ̀ wa a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé kókó tí ikọ́ ife ń fà. Gbogbo ìwọ̀nyí ni oníṣẹ́ abẹ á ti gbé yẹ̀ wò kó tó wọlé.

Àwòrán náà ní ohun tó ń sọ. Lórí MRI, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi agbára òòfà yà, central neurocytoma sábà máa ń ní ọ̀pọ̀ ihò kéékèèké olómi nínú, tó fi dà bí ìfófò ọṣẹ. Lórí CT, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi X-ray yà, nǹkan bí ìdajì wọn ni ó ní èérún funfun líle tí kálísíọ̀mù kó jọ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí dókítà Lọ́ńdọ̀nù rí nìyí tó fi sọ ohun tó sọ. Síbẹ̀, oligodendroglioma náà a máa ní kálísíọ̀mù, kò sì sí àwòrán tó lè sọ orúkọ kókó láìṣiyèméjì. Àwòrán ń ní kí a fura ni. Ẹran tí wọ́n gé ló ń jẹ́rìí.

Ẹran yìí gan-an ló sì ń tan ènìyàn jẹ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti yọ́nú sí pàtọ́lọ́jììsì àkọ́kọ́, ìyẹn dókítà tó wo ẹran náà tó sì kọ èsì. Aró pupa àti aró elése àlùkò ni wọ́n fi ń rẹ ẹran ara ní gbogbo ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé kí wọ́n tó wò ó. Lábẹ́ aró méjì yìí, sẹ́ẹ̀lì central neurocytoma rí róbótó, wọ́n dọ́gba, àyè funfun kan sì yí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Sẹ́ẹ̀lì oligodendroglioma náà rí róbótó, wọ́n dọ́gba, àyè funfun sì yí àárín wọn ká. Oríṣi ependymoma kan wà tó tún rí bẹ́ẹ̀. Ìjọra náà pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé àìsàn ọ̀tọ̀ ni títí di 1982, nígbà tí Hassoun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wo kókó àwọn aláìsàn méjì, tí wọ́n sì rí i pé inú sẹ́ẹ̀lì náà ní àwọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì tó ń rán iṣẹ́ nínú ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èyí tí sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn tí oligodendroglioma jọ kì í ní. Nígbà tí wọ́n tún padà wo àwọn ẹran àtijọ́ tí wọ́n ti kọ oligodendroglioma inú yàrá omi sí lára, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ neurocytoma. Àṣìṣe tó ti bá àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n bá pàdé nínú ọ̀rọ̀ àbúrò yín, bó bá jẹ́ àṣìṣe. Kì í ṣe àìmọ̀kan lásán.

Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí kì í ṣe máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn mọ́. Aró pàtàkì kan tó ń wá protein tí wọ́n ń pè ní synaptophysin ni. Bí wọ́n bá rẹ ẹran náà nínú rẹ̀ tó sì mú aró káàkiri, ọ̀rọ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ neurocytoma. NeuN ni aró mìíràn tó máa ń ràn án lọ́wọ́, àwọn aró GFAP àti Olig2, tí wọ́n fi ń wá sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn, kì í sì sábà mú. Láti ìhà kejì, oligodendroglioma ní ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ di dandan láti 2016: jíìnì IDH rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yí padà, apá méjì lára krómósómù, tí wọ́n ń kọ ní 1p àti 19q, sì gbọ́dọ̀ ti sọnù pọ̀. Neurocytoma kì í ní àpapọ̀ yìí. Nítorí náà, èsì tó bá kọ oligodendroglioma sílẹ̀ láìsọ ohunkóhun nípa IDH, 1p àti 19q kò tíì pé. Ẹ wo ìwé àyẹ̀wò náà dáadáa. Bí kò bá sí nínú rẹ̀ ju àpèjúwe bí sẹ́ẹ̀lì ṣe rí lọ, a jẹ́ pé aró lásán ni wọ́n fi wò ó, ẹ kò sì tíì ní èsì méjì tó ń ta ko ara wọn. Ìfura méjì lẹ ní.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹran tí wọ́n gé kò tíì ṣòfò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sínú fọ́málínì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, wọ́n á dì í sínú ìda, búlọ́ọ̀kù ìda yẹn sì lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Ẹ lọ sí ilé àyẹ̀wò tó kọ èsì àkọ́kọ́, ẹ fi ìwé béèrè fún búlọ́ọ̀kù náà àti àwọn gíláàsì tí wọ́n ti gé lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe aró synaptophysin, ìbáà ṣe ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ wa tàbí lọ́dọ̀ dókítà tí ẹ̀gbọ́n yín mọ̀. Èsì tí wọ́n yà nínú fóònù ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kò lè ṣe ju ohun tó ti ṣe lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ilé ìwòsàn ló ni búlọ́ọ̀kù, pé kò ṣeé yá. Ó sábà máa ń ṣeé yá bí ẹ bá fi ìwé béèrè. Ó máa ń dùn mí pé láti 1962 tí Latunde Odeku ti dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn ni a ti ní ọwọ́ tó lè ṣí orí, ṣùgbọ́n tí igo aró kékeré tí a ó fi mọ ohun tí a yọ jáde ṣì lè wọ́n lónìí. Owó aró yìí kéré púpọ̀ sí owó ìtànṣán tí ẹ fẹ́ san.

Mo ní láti fi òótọ́ díẹ̀ kún un, kí ẹ má baà rò pé aró kan ń dá ẹjọ́ bí adájọ́. Synaptophysin lè mú nínú àwọn kókó mìíràn tó ní sẹ́ẹ̀lì tó ń rán iṣẹ́ nínú, nítorí náà pàtọ́lọ́jììsì gbọ́dọ̀ wò ó pẹ̀lú ibi tí kókó náà wà àti bó ṣe rí. Ó tún lè má mú nígbà tó yẹ kó mú, bí ẹran náà bá pẹ́ kó tó dé inú fọ́málínì, tàbí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀, tàbí tí fọ́málínì náà kò dára. Bí èsì bá sọ pé kò mú, ẹ béèrè bóyá aró náà mú lára ẹran tí wọ́n fi ṣe ìdánwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti le jù, àwọn ilé àyẹ̀wò kan lókè òkun ń ka àmì tó wà lára DNA kókó náà, èyí sì lè yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, n kò sì rò pé ẹ ó nílò rẹ̀.

Ṣé jẹjẹrẹ ni? Àjọ Ìlera Àgbáyé fi central neurocytoma sí ìpele kejì nínú mẹ́rin, ẹ̀kẹrin ló sì burú jù. Kì í ṣe kókó tí a lè fi sílẹ̀ kó máa ṣe tirẹ̀, kì í sì sábà jẹ́ irú èyí tó ń jẹ ọpọlọ run tàbí tó ń fọ́n ká ara. Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ lójú kan. Bí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní rí i mọ́. Nínú àwọn àkójọ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti kọ jáde, iye àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún lé ní 80 nínú 100. Àwọn kan wà láàárín wọn tó ń yára ju àwọn yòókù lọ, ohun tó sì ń fi wọ́n hàn ni nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Ki-67, èyí tó ń sọ iye sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́nu pípín. Bí ó bá ju 2 tàbí 3 nínú 100 lọ, àwọn dókítà máa ń ṣọ́ra jù. Ẹ ní kí wọ́n wọn èyí náà nígbà tí wọ́n bá ń rẹ ẹran náà láró, kí ẹ má baà san owó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ìtànṣán, bí ó bá jẹ́ oligodendroglioma lóòótọ́, ètò tí wọ́n ṣe lè bọ́gbọ́n mu, nítorí àwọn kókó irú yẹn ń wọ inú ẹran ọpọlọ, ìtànṣán àti oògùn sì máa ń wà lára ìtọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ neurocytoma, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀. Wọ́n lè tún ṣe iṣẹ́ abẹ láti yọ èyí tó kù, bó bá wà níbi tí ọwọ́ tó, ṣùgbọ́n okùn tó ń gbé ìrántí kọjá wà nítòsí ibẹ̀, oníṣẹ́ abẹ tó mọ ohun tó ń ṣe lè ti fi díẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ọgbọ́n sì ni. Wọ́n lè fi ìtànṣán àfojúsùn bí irú Gamma Knife bá èyí tó kù wí, bí kò bá tóbi. Tàbí kí wọ́n fi MRI ṣọ́ ọ, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n sì dúró de ìgbà tó bá hàn pé ó ń dàgbà. Ìtànṣán oníọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà máa ń dín ìpadàbọ̀ kókó tó ṣẹ́kù kù, èyí kò ní iyàn nínú, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ ìwádìí kò fi hàn kedere pé ó ń fi kún ọjọ́ ayé àwọn tó kókó wọn kò yára, bẹ́ẹ̀ ó lè dín ìrántí kù lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì lè dí àwọn hòmóònù tó ń ti ọpọlọ wá lọ́wọ́. Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ìwádìí ńlá kan tó fi aláìsàn púpọ̀ ṣe àfiwé. Àkójọ kéékèèké ni gbogbo wa ń tẹ̀lé. Fún ẹni ọdún 26 tí èyí tó kù bá kéré, tí Ki-67 rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, èmi yóò ṣọ́ ọ. Bí Ki-67 bá ga, tàbí tí ohun tó kù bá pọ̀, n kò ní ṣọ́ ọ. Onímọ̀ mìíràn lè yan ìtànṣán àfojúsùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, n kò sì ní pè é ní aṣìwèrè. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kókó yìí lè padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà MRI ọdọọdún kò ní parí láìpẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò yín báyìí.

Ní ti fóònù, ní 2011 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ fi ìgbì tó ń ti ara fóònù jáde sábẹ́ àwọn ohun tó “ṣeé ṣe” kó fa jẹjẹrẹ, ìyẹn ni pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó láti dá a lẹ́bi. Ìtànṣán líle tí a fún orí ní kékeré àti àwọn àìsàn àjogúnbá díẹ̀ ni a mọ̀ pé ó ń fa kókó ọpọlọ. Fún neurocytoma, a kò tíì rí ìdí kan tí a lè di mú. Ẹ bá mi sọ fún màmá yín pé kò sí ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ, tàbí tí wọ́n gbàgbé láti ṣe, tó fa èyí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, kí wọ́n máa gbà á. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó dá oògùn rẹ̀ dúró, kó fún un ní àgbo tó ń mú ènìyàn sùn, tàbí kó na orí rẹ̀ àti ibi tí rọ́bà gbà kọjá lọ́rùn.

Kókó yìí kì í ṣe ohun tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, kò sì ní kó má lè bímọ. Kó gbéyàwó. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé wọn ó máa lọ ya MRI lọ́dọọdún, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ìtànṣán níkẹyìn, ó lè dúró dé lẹ́yìn ìgbéyàwó tàbí kó ṣíwájú rẹ̀, èsì tuntun ni yóò sọ ọ́.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dúró de èsì kankan ni rọ́bà náà. Ó lè dí, ó sì lè kó kòkòrò, pàápàá láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, àfẹ́sọ́nà náà pẹ̀lú, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí orí fífọ́ ìdájí bá padà, bí ó bá ń bì, bí ó bá ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, bí ara rẹ̀ bá gbóná tí ibi tí wọ́n rán bá pupa, ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni kí wọ́n gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n sì sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé ó ní rọ́bà lórí. Kí ẹnikẹ́ni má tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn ibà. Kí àwòrán àkọ́kọ́ àti èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wà nínú CD kan tó ń gbé nínú àpò rẹ̀, nítorí dókítà tó bá rí i ní òru kò ní mọ̀ bóyá yàrá omi náà ti gbòòrò sí i láìjẹ́ pé ó rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.